Ibi Tí Gọ́tà Parí Sí

Èmi ni mo kọ ìwé náà.
Bírò búlúù, ìwé onílà, ojú ewé kẹrìnlá:
"Àwa ará Ìsàlẹ̀ Kúdẹtì, ní ìpàdé ọjọ́ Sátidé,
fẹnu kò pé gọ́tà ni kí káńsù fi owó náà ṣe."

Kò rọrùn kí ẹnu wa tó kò.
Iná ojú títì làwọn ọ̀dọ́ ń bèèrè.
Ìyá Adúnọlá ní omi ẹ̀rọ ni,
kẹ́ẹ̀gì ti fẹ́ ba òun lọ́rùn jẹ́.
Bàbá Agúnbíadé ò sọ̀rọ̀ rárá.
Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè kọjá orúnkún,
ó fi ìka fa ìlà sára itan,
ibi tí àgbàrá èṣí mu ún dé.
Ni gbogbo wa bá dákẹ́.
Mo kọ gọ́tà.

Káńsù rán ẹnjiníà wá, ọmọbìnrin, Ọláṣubòmi,
ó wọ ẹrẹ̀ lọ, kò ṣa ibi tí yóò tẹ̀.
Ó ní, "Owó mẹ̀kúnnù ni wọ́n pe owó yìí,
ṣùgbọ́n mẹ̀kúnnù pọ̀ ju owó lọ.
Wọ́ọ̀dù méjìlá ló pín in.
Ọgọ́fà mítà ni tiyín."

Àdúgbò wa, igba mítà ó lé mẹ́wàá.

"Níbo ni kó parí sí?"
Ó na téèpù, ó ń wojú wa.
Ilé alága wà lókè. Tèmi wà láàárín.
Kò sẹ́ni tó purọ́,
kò sẹ́ni tó gba rìbá,
téèpù náà kàn tán
níwájú ilé Mùlíkátù.

Mùlíkátù ò sí nípàdé.
Sátidé ló máa ń fọṣọ fún wọn ní Bódìjà.

Pátákó dé kí símẹ́ńtì tó gbẹ,
orúkọ alága káńsù fẹ̀ ju gọ́tà lọ.
A ya fọ́tò. Mo rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀.

Òjò àkọ́kọ́ tó lágbára, lóru,
omi sáré bí ọmọ tí wọ́n tú sílẹ̀ ní ilé kéú.
A dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ń pàtẹ́wọ́,
ilẹ̀ yàrá mi gbẹ fúrúfúrú.
Ìgbà náà la gbọ́ ọ nísàlẹ̀:
abọ́ ń kan abọ́,
tánganran ń léfòó káàkiri inú ilé,
ẹnì kan ń pe ọmọ lórúkọ, ó tún ń pè é.
Omi ọgbọ̀n ilé
ti dé ẹnu ọ̀nà ẹyọ kan.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú
ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.
Àwa la dà á.
Mùlíkátù ló tẹ̀ ẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta ó wá bá mi. Kò bú mi.
Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń húkọ́.
Ó ní kí n mú ìwé yẹn wá, kí n kà á sí òun létí.
Mo kà á: "Àwa ará Ìsàlẹ̀ Kúdẹtì…"
Ó ní kí n dúró níbẹ̀.
"Àwa yẹn, akọ̀wé,
ṣé mo wà nínú ẹ̀?"

Mo ti lọ sí káńsù lẹ́ẹ̀mẹ́rin.
Akọ̀wé ibẹ̀ ní àdúgbò wa ti jẹ tiwa,
ká fún ẹlòmíràn láàyè.
Kò parọ́. Mo mọ ìlà tó tò síta,
mo rí ẹsẹ̀ wọn, ẹrẹ̀ wà níbẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni ìpàdé wa báyìí.
A ń di yanrìn sínú àpò símẹ́ńtì,
a ń tò ó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀,
Bàbá Agúnbíadé náà gbé méjì, ó ń mí gùlegùle.
Ojú ewé kẹẹ̀ẹ́dógún: àádọ́rùn-ún mítà,
kó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.
Àtàǹpàkò Mùlíkátù ló ṣáájú,
ó tẹ̀ ẹ́ jù, yíǹkì ya wọ ìlà kejì.

Òjò ti ń ṣú bọ̀ láti apá Aṣéjìíre.